Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ẹgbẹ́ Olórin Tó Fi Ilẹ̀ Àjèjì Ṣe Ilé

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Àgbádárìgì pẹ́ mọ ohun tí ẹnubodè lè ṣe sí ènìyàn. Láti ìlú wa dé Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà, síbẹ̀ ẹni tó jáde nílé ní òwúrọ̀ pé òun ń lọ kí ẹbí ní Àjàṣẹ́, tàbí pé òun ń lọ rajà ní Kútọnu, lè wà lójú títì títí oòrùn á fi wọ̀ nítorí ìwé kan ṣoṣo tí kò pé. Àwọn kan ládùúgbò wa lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì di ará ọ̀hún: wọ́n fẹ́yàwó síbẹ̀, wọ́n kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń sọ Faransé geerege. Ìmọ̀ yìí, tí a ní láìjẹ́ pé olùkọ́ kankan kọ́ wa, ni mo fẹ́ kí ẹ mú wá sídìí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé, èyí tí í ṣe bí a ṣe ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ olórin tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá, tí wọ́n sì pàdé lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àpẹẹrẹ tí màá máa tọ́ka sí jù lọ ni ẹgbẹ́ Gong, tí Daevid Allen, ọmọ Ọsirélíà, àti Gilli Smyth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní ìlú Páríìsì ní ọdún 1967. Orin wọn da jáàsì pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára irú orin tí àwọn òyìnbó ń pè ní psychedelic, ìyẹn orin tí wọ́n ṣe kí olùgbọ́ lè máa rí ìran bí ẹni tó wà lójú àlá. Ohùn á máa fà gùn, gìtá á máa dún bí afẹ́fẹ́ tó gba àárín igi àgbọn kọjá, ìtàn inú orin á sì gbé ènìyàn lọ sí ibi tí kò sí lórí máàpù. Màá máa mẹ́nu ba ẹgbẹ́ Osibisa pẹ̀lú, nítorí wọ́n sún mọ́ wa jù, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó mú bírò

Ẹ mú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi àwo kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ṣe ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn gbogbo rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́ẹ̀kan náà kò ní kọ ọ́ tán, èyí tó bá sì kọ á fúyẹ́. Àwo tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni Camembert Electrique, tí Gong ṣe ní 1971. Mo bá a nínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ajárá, láàárín àwọn àwo àpàlà àti hàìláìfù tí wọ́n ń rà bọ̀ láti Kútọnu nígbà tí wọ́n ń ṣòwò aṣọ. Eruku ti bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀rinrin ọ̀sà sì ti jẹ etí páálí ìta rẹ̀ débi pé ìlà ìkẹyìn àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́.

Ẹ má ṣe gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ bí ẹ ṣe bá a. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Omi òjò dára, omi inú ọ̀rá náà dára, ṣùgbọ́n omi kànga tó bá ní iyọ̀, bí ọ̀pọ̀ kànga etí òkun, yóò fi funfun sílẹ̀ nínú ojú ìlà àwo nígbà tó bá gbẹ. Ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sínú omi náà, ẹ mú aṣọ òwú tó rọ̀, kí ẹ sì máa nu àwo náà yípo bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ, ẹ má ṣe nù ún gbọọrọ láti àárín bọ̀ sí etí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi kan ìwé pélébé tó wà láàárín rẹ̀, nítorí ìwé yẹn gan-an ni ẹ máa kà bí ẹ bá ṣe tán. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ gbé e dúró sí ibòòji kí ó gbẹ, nítorí oòrùn máa ń ká àwo bí ewé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, òró ni kí ó wà, bí ìwé ṣe ń wà lórí pẹpẹ. Èyí tí wọ́n bá tò lé ara wọn lórí yóò tẹ̀. Ẹ yẹ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà wò pẹ̀lú, nítorí abẹ́rẹ́ tó ti kú yóò fi eré kan ṣoṣo ba ohun tó wà láti àádọ́ta ọdún jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tó ka ohunkóhun nípa rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má kọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan yí padà sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ka àwọn ohun èlò, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé èwo nínú wọn ló ń ṣe ìyáàlù, èwo ló sì ń tẹ̀lé. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ ka èrò àwọn ẹlòmíràn yóò máa gbọ́ èrò wọn dípò orin náà.

Ohun tí páálí àwo ń sọ

Páálí àwo ni ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ẹ ní. Ẹ da gbogbo ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kọ sínú ìwé bí ó ṣe wà, àní àwọn tó dà bí ẹni pé wọn kò wúlò: orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, nọ́ńbà àwo, ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣètò ìgbàsílẹ̀, àti orúkọ olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ó fọwọ́ kàn. Ẹ gbé àwo fúnra rẹ̀ sábẹ́ iná, kí ẹ wo àyè dídán tó wà láàárín ìlà ìkẹyìn àti ìwé pélébé náà, nítorí wọ́n máa ń fi irin ha nọ́ńbà sí ibẹ̀, nọ́ńbà náà sì máa ń ṣẹ́kù nígbà tí páálí bá ti jẹrà.

Mo ṣe àṣìṣe kan ní ìpele yìí tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe. Nítorí pé páálí ti Bàbá Ajárá ti jẹ, mo lọ wo ti ọ̀rẹ́ mi kan tó ní àwo kan náà, mo rí 1974 àti orúkọ ilé-iṣẹ́ Virgin lára rẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé ọdún 1974 ni wọ́n ṣe orin náà. Gbogbo ìtàn tí mo kọ́ lé e lórí wó, nítorí méjì nínú àwọn tí mo ní wọ́n jókòó ṣe àwo náà ní 1974 ti kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ọdún náà tó dé. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ BYG ní Páríìsì ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1971. Virgin kàn tún un tẹ̀ fún àwọn ará Ìlú Ọba ní 1974 ni, wọ́n sì ń tà á ní pẹ́ńsì 59 péré, kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ẹgbẹ́ náà lè dán an wò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọdún méjì sílẹ̀ fún àwo kọ̀ọ̀kan, ọdún tí wọ́n gba orin sílẹ̀ àti ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì jẹ́ kí ọ̀kan dúró fún èkejì.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan lè ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Lẹ́tà mẹ́ta BYG jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó dá a sílẹ̀, Boruso, Young àti Georgakarakos. Nígbà tí mo wo àwọn àwo mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 1969 àti 1970, mo rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú onijáàsì láti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀: Archie Shepp, Don Cherry, àti Art Ensemble of Chicago, tó kó wá sí Páríìsì ní 1969. Ìyẹn ni pé inú agbo àwọn onijáàsì tí àwọn náà wà lókè òkun ni Gong ti jáde. Bí ẹ bá sì wo àwọn orúkọ tó wà lẹ́yìn àwo àkọ́kọ́ wọn, Magick Brother, tó jáde ní 1970, ẹ ó rí Burton Greene tó ń tẹ dùùrù àti Barre Phillips tó ń ta bẹ́ẹ̀sì ńlá tí wọ́n ń gbé dúró nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì jẹ́ onijáàsì ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni jáàsì ti wọ inú orin Gong ti rí ìdáhùn lẹ́yìn páálí, kò sì ní láti méfò.

Ìwé àwọn tó dé àti àwọn tó lọ

Ẹ ra ìwé àjákọ kan lọ́tọ̀ fún èyí. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ibi tí ẹni náà ti wá, ìgbà tó dé sínú ẹgbẹ́, ìgbà tó lọ. Ẹgbẹ́ tó bá wà nílé máa ń pẹ́ kí ó tó pààrọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà ní ilẹ̀ àjèjì dà bí gáréèjì, àwọn kan ń wọlé bí àwọn kan ṣe ń bọ́lẹ̀.

Nínú ìwé tèmi, àwọn márùn-ún ló wà lórí Camembert Electrique: Allen láti Ọsirélíà, Smyth láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Didier Malherbe ọmọ Faransé tó ń fọn fèrè àti sáksófóònù, Christian Tritsch tí òun náà jẹ́ ọmọ Faransé, àti Pip Pyle, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1972 sí 1973, ojú ewé náà yí padà pátápátá. Tim Blake mú synthesizer rẹ̀ dé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn, Steve Hillage mú gìtá dé, àwọn méjèèjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mike Howlett tí wọ́n bí ní Fíjì gba bẹ́ẹ̀sì, Pierre Moerlen ọmọ Faransé sì jókòó sídìí ìlù. Àwọn wọ̀nyí ló wà nídìí Angel's Egg tó jáde ní 1973 àti You tó jáde ní 1974. Bí ẹ bá gbọ́ àwo ti 1971 tẹ̀lé ti 1974, ẹ ó rò pé ẹgbẹ́ méjì ni. Ìwé yìí ni yóò sọ ìdí rẹ̀ fún yín: Moerlen kàwé nínú ìlù lílù nílé ẹ̀kọ́ orin, ìlù rẹ̀ sì mú kí gbogbo àwọn yòókù máa rìn gírígírí níbi tí wọ́n ti ń fò lọ sókè tẹ́lẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè

Ibí yìí ni ó jẹ mí lógún jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ irú ìtàn yìí máa ń fò kọjá. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ kan pinnu láti máa kọrin pọ̀. Ẹni tó ti Àgbádárìgì wá mọ̀ pé ìrìn àjò kì í rọrùn báyẹn. Fún olúkúlùkù tó wà nínú ìwé àwọn tó dé, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin: irú ìwé wo ló fi wọlé? Ta ló san owó ọkọ̀ rẹ̀? Níbo ló ń sùn? Kí ni kò jẹ́ kí ó padà?

Ẹ wo bí ìbéèrè wọ̀nyí ṣe ṣiṣẹ́ lórí Allen. Ó kúrò ní Melbourne, ó dé Páríìsì ní 1960, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ní 1966, òun àti Robert Wyatt, Kevin Ayers àti Mike Ratledge dá ẹgbẹ́ Soft Machine sílẹ̀ ní agbègbè Canterbury. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1967, ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ lóṣù kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Allen dúró, wọ́n ní ó ti pẹ́ ju ọjọ́ tí físà rẹ̀ fún un lọ, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní wọlé. Àwọn mẹ́ta yòókù kọjá. Allen yí padà sí Páríìsì. Soft Machine ń bá iṣẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́ni mẹ́ta, Allen àti Smyth sì bẹ̀rẹ̀ Gong ní òdì kejì omi. Òṣìṣẹ́ kan tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ló pín ẹgbẹ́ kan sí méjì, mi ò sì rò pé ó tíì gbọ́ orin wọn rí. Bí ẹ bá fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀ nínú ìtàn yín, kò sí ìdí kankan tí ọmọ Ọsirélíà kan yóò fi máa ṣe orin rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ Faransé.

Ẹnubodè náà kò parí síbẹ̀. Lóṣù karùn-ún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ dìde sí ìjọba ní Páríìsì, Allen àti Smyth sì wà lójú títì pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn, wọ́n sá lọ sí Deià, abúlé kan ní erékùṣù Majorca ti ilẹ̀ Sípéènì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pàdé Malherbe. Lóṣù kẹwàá 1969, BYG fẹ́ ṣe àjọ̀dún orin ńlá kan ní Páríìsì. Àwọn aláṣẹ Faransé kò gbà, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ kọjá sí Amougies, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí Gong ti ṣeré. Àjọ̀dún odidi, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti èrò, ló gba ẹnubodè kọjá kí ó tó lè wáyé.

Ẹ wá fi ìbéèrè mẹ́rin yẹn bi Osibisa. Teddy Osei, ọmọ Gánà, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Gánà fún un láti kọ́ orin. Òun, àbúrò rẹ̀ Mac Tontoh tó ń fọn kàkàkí òyìnbó, àti onílù Sol Amarfio dá Osibisa sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1969, pẹ̀lú Lasisi Amao ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn mẹ́ta láti erékùṣù Karibíà: Wendell Richardson láti Antigua, Robert Bailey láti Trinidad, àti Spartacus R láti Grenada. Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1971, Roger Dean ló ya erin oníyẹ̀ẹ́ tó wà lójú páálí rẹ̀, orin wọn kan sì gun ipò 17 lórí àtẹ orin Ìlú Ọba ní 1976.

Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì ni pé Osei wọlé pẹ̀lú ìwé tó pé àti ilé tó mọ̀ pé òun lè padà sí, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì mú orúkọ rẹ̀ láti ara osibisaba, ijó àtijọ́ etíkun Gánà. Gong kò rí ìlú kan dúró sí, wọ́n sì dá ayé tiwọn sílẹ̀ lójú ọ̀run: láti Flying Teapot ní 1973 títí dé You, àwo mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń sọ ìtàn ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Gong, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fò kiri nínú ìkòkò tíì. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí èrò. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tí ẹ̀rí parí sí àti ibi tí èrò yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dà kan tún wà tí ìrìn àjò náà gbà bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wa ọkọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, ó bá Fela ṣeré, ó sì ṣí ilé ìgbàsílẹ̀ orin ní Ìkẹjà ní 1973. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àjèjì tó gbé láàárín wa kò ní láti rìn jìnnà.

Bí a ṣe ń bi àwọn àgbà léèrè

Àgbà tó ra àwo nígbà yẹn, tàbí tó gbọ́ ọ lórí rédíò, jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn ní ìgbà tí ara bá tù wọ́n, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀ láti gba ohùn wọn. Ẹ gbé àwo náà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dì í mú. Mo ti rí i pé ọwọ́ máa ń rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Bàbá Ajárá kò rántí nǹkan kan nígbà tí mo kàn dárúkọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi páálí náà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ tó ti jẹ, wọ́n ní ọmọbìnrin tó tà á fún wọn ní irun gígùn, ó sì ní kí wọ́n mú un mọ́ èyí tí wọ́n ti rà nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Ẹ má ṣe béèrè ọdún. Ìdáhùn tó máa ń tẹ̀lé e ni pé "ó ti pẹ́". Ẹ fi nǹkan tí gbogbo ènìyàn rántí ṣe òpó. Ṣé ogun ti parí? A jẹ́ pé ó ti kọjá oṣù kìíní 1970. Ṣé mọ́tò ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún? A jẹ́ pé ó ti kọjá ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná nílé ni, àbí náírà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973? Ṣé Dàhọ̀mì ni wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Sẹ̀mẹ̀? Orúkọ náà yí padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975. Ṣé Fẹ́sítáàkì ti kọjá? Ìbẹ̀rẹ̀ 1977 nìyẹn. Pẹ̀lú òpó márùn-ún yìí, ẹ lè fi ọjọ́ kan sí àárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta, láìjẹ́ pé ẹ fipá mú àgbàlagbà dá iye kan sílẹ̀ kí ó lè tẹ́ yín lọ́rùn.

Nígbà tí ẹnu kò bá kò

Àwọn olórin jẹ́ onítàn, pàápàá àwọn tó ń kọrin àlá. Ìtàn tí ẹgbẹ́ Gong máa ń sọ ni pé inú ihò àpáta kan ní Deià ni wọ́n ti bá Malherbe. Allen pẹ̀lú sọ pé ní oṣù kẹrin 1975, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣeré ní Cheltenham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ògiri agbára kan tí ojú kò rí dí ọ̀nà orí pèpéle mọ́ òun, òun kò sì lè kọjá. Kí ni a ó ṣe sí irú ọ̀rọ̀ báyìí? Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù, ẹ má sì ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí kò ní àríyànjiyàn lákọ̀ọ́kọ́: pé Allen kò gun pèpéle lálẹ́ ọjọ́ náà, pé ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí òǹkàwé gbọ́ ọ, pé ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nubodè ilẹ̀ yẹn ní 1967 ló tún bá ògiri pàdé lórí ilẹ̀ kan náà lẹ́yìn ọdún méje ó lé.

Bí a ṣe ń fi Yorùbá ṣàpèjúwe ohùn

Àwọn ọ̀rọ̀ bí "ó dùn" àti "ó jinlẹ̀" kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Allen kì í fi ìka ta okùn gìtá nìkan. Ó máa ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dídán ra okùn náà jẹ́jẹ́, láìkàn án mọ́lẹ̀, ohùn á sì máa yọ bí èéfín láìní ìbẹ̀rẹ̀ tí etí lè dì mú. Hillage kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Smyth kì í kọrin bí àwọn akọrin yòókù. Ó máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn títí ọ̀rọ̀ á fi di ẹ̀mí tó ń wọlé tó ń jáde. Fèrè Malherbe ló máa ń mú ohùn orin wá padà nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti fẹ́ fò lọ.

Ẹ máa lo èdè àwọn onílù wa, nítorí ó kún ju ti àwọn òǹkọ̀wé orin lọ. Ẹni tó ti dúró níwájú sató, ìlù gíga àwọn Ògù níhìn-ín, mọ bí ìlù ńlá kan ṣe ń pàṣẹ tí àwọn kéékèèké ń dá a lóhùn. Nínú àwo You, bẹ́ẹ̀sì Howlett ni kò yí ohùn padà bí aro, ìlù Moerlen ló ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, gìtá àti fèrè sì wà lókè bí ẹni ń sun rárà. Ọmọ ìlú wa tí kò gbọ́ rọ́ọ̀kì rí yóò lóye gbólóhùn yẹn.

Ibi tí ìtàn yóò dúró sí

Orúkọ ẹgbẹ́ lè pẹ́ ju àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ lọ. Hillage kúrò ní Gong ní 1975, Moerlen gba àṣẹ, orin náà sì di ti ìlù àti agogo onírin, jáàsì ló sì ṣẹ́kù níbẹ̀ jù. Allen padà sídìí orúkọ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó kú ní oṣù kẹta 2015, Smyth tẹ̀lé e ní oṣù kẹjọ 2016, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Gong ṣì ń ṣeré. Nínú àwọn Osibisa, Mac Tontoh kú ní 2010, Teddy Osei sì kú ní oṣù kìíní 2025. Ẹ pinnu ibi tí tiyín máa parí sí, kí ẹ sì sọ ọ́ láti ojú ewé àkọ́kọ́. Tèmi parí sí Cheltenham, 1975.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ ka á sókè fún àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n lọ kà á. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kà á. Mo kà tèmi fún Bàbá Ajárá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lábẹ́ àtíbàbà wọn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi dé ibi tí mo kọ ọ́ pé wọ́n fi náírà ra àwo náà ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. "Rárá, ọmọ mi. Séfà ni mo fi san án, Dàhọ̀mì ló sì ń jẹ́." Mo mú bírò, mo fa igi gba àárín gbólóhùn náà, mo sì kọ ti wọn sókè rẹ̀ kí n tó máa kà á lọ.